Àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ìkànnì ayélujára: èwo ló ṣe aláìsàn láǹfààní jù?

Fídíò tí ilé ìwòsàn gbé sórí Facebook tàbí Instagram máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹnìkan lè tìtorí ẹ̀ lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Àǹfààní ńlá nìyẹn. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ẹni tó ń ta oògùn gbogbonìṣe ti ń polówó, ojú kan náà lèèyàn sì fi ń wo àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá wá béèrè nípa àìsàn rẹ̀ lábẹ́ fídíò ti tú àṣírí ara rẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní àwòrán, kò sì lè wá oníbàárà tuntun. Síbẹ̀, òun ni mo fara mọ́. Kò béèrè dátà, fóònù kékeré ń gbà á. "Ọ̀la, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ni àjẹsára ọmọ yín": ìyá tó rí i ti mọ ohun tó kàn. Ní 2014, ìjọba South Africa gbé MomConnect kalẹ̀, kó máa fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn aláboyún. Ní Kenya, ìwádìí tó jáde ní 2010 fi hàn pé àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ran àwọn tó ní HIV lọ́wọ́ láti máa lo oògùn wọn déédéé.

Bówó bá ká ẹyọ kan, kí ilé ìwòsàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ aláìsàn, kí wọ́n má sì kọ orúkọ àìsàn sínú ẹ̀, torí ẹlòmíì lè gbé fóònù náà.