Orin Ata: Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ Lẹ́nu Mi

Orin ata ni mo fi ń fọ ẹnu kí n tó jẹun òwúrọ̀, mo sì ti lò ó pẹ́ tó láti lè sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn, ni mo ti ń rà á ní ìdì. Èyí tí kò tíì gbẹ ni ó dára jù, nítorí pé bí a bá ti jẹ ẹ́ lórí díẹ̀, orí rẹ̀ a fọ́n ká bíi irun búrọ́ọ̀ṣì. Èyí tó ti gbẹ máa ń gún erìgì, owó rẹ̀ kò sì dín. Orin ata ń ta ahọ́n, ó sì ń mú kí itọ́ dà lẹ́nu dáadáa.

Itọ́ yìí gan-an ni mo kọ́kọ́ kà sí àǹfààní rẹ̀. Ohun tí ń jẹ eyín kì í ṣe kòkòrò abara gbọọrọ kan tó sá pamọ́ sínú ihò, bí àwọn tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ ṣe máa ń wí. Àwọn bakitéríà tó lẹ̀ mọ́ eyín ni ó ń sọ ṣúgà inú oúnjẹ di ásíìdì, tí ásíìdì náà a sì máa jẹ ìpele líle tó bo eyín díẹ̀díẹ̀. Itọ́ ni ó ń pa agbára ásíìdì náà, ṣùgbọ́n ó lè gbà tó 30 ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò fún un láyè, kò sì sí orin tó lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là.

Lára erìgì ni iṣẹ́ orin ata ti hàn sí mi jù, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó máa ń yọ nígbà tí mo bá ń fọ ẹnu ti dín kù. Ìdọ̀tí tó bá pẹ́ ní ẹsẹ̀ eyín ni ó ń mú erìgì wú, sìgá, tábà àti àtọ̀gbẹ sì ń mú un burú sí i. Àmọ́ orin kì í dé ẹ̀yìn àwọn eyín tí a fi ń lọ oúnjẹ dáadáa, kò sì lè wọ àárín eyín méjì. Ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta kò tilẹ̀ gbọ́ tirẹ̀ rárá. Dókítà eyín ni ó ń ha á kúrò, iṣẹ́ náà kì í sì í ba eyín jẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń bẹ̀rù.

Aléébù tó tóbi jù ni pé kò lè rọ́pò fluoride, èròjà inú ọṣẹ ìfọyín tí ń mú kí eyín lè dojú kọ ásíìdì. Nítorí náà, ní àárọ̀ lẹ́yìn orin, àti ní alẹ́ kí n tó sùn, mo ń lo ọṣẹ ìfọyín tí fluoride inú rẹ̀ wà láàárín 1,000 sí 1,500 ppm (ìyẹn ìdá nínú mílíọ̀nù kan), bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Bí owó bá mọ níwọ̀n, ọṣẹ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí orin ata tẹ̀ lé e.