Omi ṣúgà fẹ́lẹ́, èyí tó ki, àti ti inú ìgò tí wọ́n ń tà lọ́jà: èwo ni kí ẹ mú?

Gbogbo wọn ló dùn, ẹ má jẹ́ kí adùn tàn yín. Ọjọ́ tí yóò lò kó tó bu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Fẹ́lẹ́: ṣúgà 500 gíráàmù, omi 500. Èyí tó ki: ṣúgà 1,000, omi 500. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ife tó ń gba omi 240 gíráàmù, bíi 200 gíráàmù ṣúgà ló ń gbà. Ẹni tó bu ife kọ̀ọ̀kan ti se èyí tó tún fẹ́lẹ́ ju fẹ́lẹ́ lọ.

Nínú fíríìjì, fẹ́lẹ́ kì í sábà kọjá oṣù kan. Èyí tó ki ń lo oṣù mélòó kan, torí ṣúgà ti gba omi mọ́ èébu lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìdérí ló ń ba púpọ̀ jẹ́: bí ẹ bá dé ìgò nígbà tó ṣì gbóná, ooru á di omi lábẹ́ ìdérí, á kán sílẹ̀, á sì léfòó lókè níbi tí adùn ti dín kù. Ibẹ̀ ni fọ́nrán funfun bí òwú ti ń hù. Ẹ má sẹ́ ẹ, ẹ dà á nù. Ẹ fi omi híhó ṣan ìgò, kó gbẹ. Ẹ da aṣọ mímọ́ bo ẹnu rẹ̀ títí yóò fi tutù, kí ẹ tó dé e.

Wọ́n ní èyí tó ki máa ń dì bíi yanrìn nísàlẹ̀ ìgò. Òótọ́ ni: omi ò lè gba ṣúgà jù bẹ́ẹ̀ lọ, òtútù sì tún ń dín in kù. Ẹ ki ìgò bọ omi gbígbóná, á yọ́. Ṣíbí glúkóòsì olómi kan nígbà tí ẹ bá ń sè é kì í jẹ́ kó tètè dì.

Ti inú ìgò sábà máa ń ní èròjà tí kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Bí omi bá ṣáájú ṣúgà nínú ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, omi lẹ fẹ́ fowó rà.

Fún kéèkì, fẹ́lẹ́ ló ń wọnú. Èyí tó ki á dúró lójú. Nínú ohun mímu, 20 mìlílítà èyí tó ki ń ṣiṣẹ́ 30 fẹ́lẹ́.

Ẹni tó ń lò ó tán lọ́sẹ̀ kan, kó se fẹ́lẹ́. Ẹni tó fẹ́ adùn fànílà láìṣe wàhálà, kó ra ti ìgò. Ẹ̀yin yòókù, ẹ se èyí tó ki: bí ọjọ́ kéèkì bá dé, 300 gíráàmù rẹ̀ pẹ̀lú 100 gíráàmù omi, fẹ́lẹ́ ti délẹ̀.