Sienna, Odyssey àbí Grand Caravan: èwo nínú minivan àlòkù ni kò ní dá yín lágara?

Ẹni tó bá fẹ́ ra minivan àlòkù fún ìdílé rẹ̀ sábà máa ń béèrè pé, "Ṣé Sienna ló dáa jù ni, àbí Odyssey?" Toyota ló ń ṣe Sienna, Honda ló ń ṣe Odyssey. Ìbéèrè náà ò burú, àmọ́ kò tíì kún. Sienna 2005 àti Sienna 2008 jọra lójú, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì wọn yàtọ̀. Odyssey 2003 àti Odyssey 2016 kò sì fi bẹ́ẹ̀ bára wọn tan ju orúkọ lọ. Ọdún ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á, kí gíà tẹ̀ lé e, kí ìwé àtúnṣe tẹ̀ lé gíà. Orúkọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ni kó kẹ́yìn.

Ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú àwọn àjọ tó ń fún ọkọ̀ ní máàkì. Ọdọọdún ni J.D. Power máa ń ṣe ìwádìí nípa bí ọkọ̀ ṣe ń lálòpẹ́ sí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ni wọ́n ń wò, iye ìṣòro tó wà lára ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ni wọ́n sì ń kà. Fóònù tó kọ̀ láti so mọ́ rédíò ọkọ̀ wà lára ìṣòro tí wọ́n ń kà yẹn. Kí ni ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ọlọ́dún méjìlá fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ti Consumer Reports sún mọ́ ohun tí à ń wá ju ìyẹn lọ, torí ọwọ́ àwọn tó ń lo ọkọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, wọ́n sì máa ń ya ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀, kí wọ́n ya gíà sọ́tọ̀.

Gíà ló ń pa minivan

Minivan tó ṣófo wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì. Ẹ kó èèyàn méje tàbí mẹ́jọ sí i, ẹ di ẹrù sẹ́yìn, ẹ wá fi gun òkè lọ́sàn-án gangan: gíà ló máa jẹ ìyà yẹn ju ẹ́ńjìnnì lọ. Bó bá sì kú lára ọkọ̀ tó ti dàgbà, owó tí ẹ máa fi ṣe é lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n ń ta odindi ọkọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé gíà nìkan tó ìdajì ìpinnu.

Odyssey ní àbàwọ́n níbí, kò sì ṣeé fi pamọ́. Gíà onípele mẹ́rin tó wà nínú èyí tí wọ́n ṣe láti 1999 dé 2001 yára kú débi pé Honda fúnra rẹ̀ fa wárántì rẹ̀ gùn dé ọdún méje tàbí 160,000 kìlómítà. Onípele márùn-ún ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ láti 2002, síbẹ̀ nígbà tó di 2004 wọ́n tún ní láti pe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ padà, torí pé eyín gíà ti ipele kejì inú rẹ̀ lè gbóná kọjá ààlà, kó sì kán. Bí ẹ bá rí Odyssey tó wà láàárín ọdún wọ̀nyẹn lówó pọ́ọ́kú, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti pààrọ̀ gíà rẹ̀ rí, ta ló sì pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí ìdáhùn gidi, ẹ máa lọ.

Sienna ìgbà yẹn kò ní irú orúkọ burúkú bẹ́ẹ̀ níbi gíà. Ìṣòro tiẹ̀ wà nínú ẹ́ńjìnnì 3.0 ti àwọn tí wọ́n ṣe títí dé 2002: bí ẹni tó ni ín bá ń jẹ́ kí ọ́ìlì pẹ́ jù kó tó pààrọ̀ rẹ̀, ọ́ìlì náà á dì bí ẹ̀kọ, á sì dí ọ̀nà tó yẹ kó máa gbà kọjá. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń gba da ọ́ìlì sí, ẹ tan iná wo inú rẹ̀. Bí dúdú kan bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Láti 2005 síwájú, gíà Odyssey dára sí i. Onípele márùn-ún ló ṣì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nígbà tí wọ́n yí ara ọkọ̀ padà ní 2011. Touring, ìyẹn ẹ̀yà rẹ̀ olówó gọbọi, nìkan ni wọ́n fún ní onípele mẹ́fà. Ní 2014 gbogbo rẹ̀ di onípele mẹ́fà, èyí tí wọ́n sì ṣe láti 2014 dé 2017 ni mo fẹ́ràn jù nínú Odyssey. Ti 2018 àti 2019 tí kì í ṣe olówó gọbọi lo gíà onípele mẹ́sàn-án tí àwọn èèyàn ráhùn pé ó ń ta gìrì bó ṣe ń yí ipele. Èyí tó wọ́n jù nínú wọn ní onípele mẹ́wàá, láti 2020 ni gbogbo wọn sì ti di mẹ́wàá. Sienna rọrùn láti rántí: márùn-ún láti 2004 dé 2010, mẹ́fà láti 2011 dé 2016, mẹ́jọ láti 2017 dé 2020. Láti 2021 ó ti di haibridi pátápátá, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná mànàmáná pọ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú: ọ́ìlì gíà Honda ni Honda fẹ́. Ẹni tó bá ti da ọ́ìlì gíà èyíkéyìí tó rí sínú Odyssey lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á láìmọ̀, kò sì sí bí ojú ṣe máa rí i láti ìta.

Bẹ́líìtì, ṣéènì àti sílíńdà tó ń sinmi

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ Sienna tó wà láàárín 2004 àti 2010, ẹ mọ̀ pé méjì ni. Ti 2004 dé 2006 ní ẹ́ńjìnnì 3.3, bẹ́líìtì ló sì ń yí inú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti rin 144,000 kìlómítà, ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn. Ti 2007 sókè ní ẹ́ńjìnnì 3.5, tí ṣéènì ń yí, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n dá fún pípààrọ̀ ṣéènì. Bí ìyókù bá dọ́gba, ẹ fi díẹ̀ lé owó yín kí ẹ mú 2007. Ohun kan ni kí ẹ wò lára rẹ̀: páìpù ọ́ìlì kékeré kan tó lọ sí ibi fáàfù, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Bí rọ́bà yẹn bá bẹ́, ọ́ìlì máa tú jáde kí awakọ̀ tó mọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì lọ. Toyota ti ṣe èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á rí i láìtú nǹkan púpọ̀.

Odyssey ní tiẹ̀ kò kúrò nídìí bẹ́líìtì rárá. Nǹkan bí 168,000 kìlómítà tàbí ọdún méje, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà máa ń sọ kìlómítà, wọn kì í mẹ́nu kan ọdún. Bí bẹ́líìtì bá já nínú ẹ́ńjìnnì yìí, písítọ̀nù á gbá fáàfù, fáàfù á sì tẹ̀. Nítorí náà, Odyssey tí kò ní ìwé pé wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì ni kí ẹ kà sí èyí tí wọn ò tíì pààrọ̀ tiẹ̀, kí ẹ sì yọ owó bẹ́líìtì àti pọ́ǹpù omi kúrò lára iye tí ẹ fẹ́ san.

Odyssey tún ní ètò kan tó ń dá sílíńdà díẹ̀ dúró nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ jẹ́jẹ́, kí epo lè pẹ́. VCM ni wọ́n ń pè é. Epo pẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ọ́ìlì máa ń wọ inú àwọn sílíńdà tó ń sinmi, pọ́lọ́ọ̀gì wọn á dọ̀tí, ẹ́ńjìnnì á máa tàsé, ọ́ìlì á sì máa dínkù láìsí ojú ibi tó ń jò. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, Honda sì gbà láti fa wárántì gùn fún Odyssey 2008 dé 2013 tó bá ní ìṣòro yìí. Àṣírí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lò rèé: láàárín 2005 àti 2010, ẹ̀yà EX-L àti Touring nìkan ni wọ́n fi VCM sí. Ẹ̀yà LX àti EX tí kò ní àga aláwọ kò ní in. Ìgbà díẹ̀ ni mo mọ̀ tí ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ nínú ìran rẹ̀ ń sàn ju èyí tó ga lọ báyìí. Láti 2011, kò sí èyí tó yọ sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn àti AC

Ọkọ̀ kékeré kò ní irú wàhálà yìí. Ilẹ̀kùn tó ń yọ́ lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ ní mọ́tò, wáyà irin àti kọ̀ǹpútà kékeré tiẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ tì í, ìgbà bíi mẹ́ta-mẹ́ta, láti inú, láti ìta, láti ara kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ẹ pa iná rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ fà á. Èyí tó bá há tàbí tó ń dún gìrìgìrì ń béèrè owó. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn Sienna 2004 dé 2010 máa ń kán. Kò ṣe nǹkan púpọ̀, ẹ kàn fi dúnàádúrà. Ti Sienna 2011 dé 2016 le ju ìyẹn lọ: ní 2016 Toyota pe ọkọ̀ tó ju 700,000 padà ní Amẹ́ríkà nítorí pé ilẹ̀kùn yìí lè ṣí nígbà tí ọkọ̀ ń lọ lọ́wọ́. Ẹ rí i dájú pé wọ́n ti ṣe ti èyí tí ẹ fẹ́ rà.

AC ẹ̀yìn ní páìpù gígùn tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, ìpẹtà sì máa ń jẹ ẹ́. Ẹ jókòó sí àga tó kẹ́yìn pátápátá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ mọ ohun tí àwọn ọmọ máa mọ̀.

Chrysler, Kia àti Nissan

Dodge Grand Caravan àti Chrysler Town & Country (Chrysler ló ṣe méjèèjì) máa ń dínwó kíákíá, nítorí náà owó tó ra Sienna tó ti dàgbà lè ra èyí tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa. Àga wọn tó ń wọ inú ilẹ̀ ọkọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, kò ní alábàádíje nídìí ẹrù kíkó. Láti 2011 wọ́n ní ẹ́ńjìnnì 3.6 tó lágbára, ṣùgbọ́n ti 2011 dé 2013 ní àléébù ní orí ẹ́ńjìnnì apá òsì, tí Chrysler fa wárántì rẹ̀ gùn. Ẹ fetí sílẹ̀ bóyá ẹ máa gbọ́ tíkí-tíkí. Ilé fílítà ọ́ìlì wọn tó jẹ́ oníke máa ń jò sí àárín ẹ́ńjìnnì níbi tí ojú kì í tètè rí i. Àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ọkọ̀ náà tún máa ń ya wèrè: fèrè á ké láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, tàbí pọ́ǹpù epo á kọ̀. Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún ni 2014 sókè.

Kia Sedona 2006 dé 2012 tó bá wá láti ibi tí wọ́n ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà nígbà yìnyín, ẹ wo abẹ́ iwájú rẹ̀. Wọ́n pe wọ́n padà nítorí ìpẹtà tó ń jẹ apá tó gbé táyà dúró. Ti 2015 sókè sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nissan Quest 2011 dé 2017 lo gíà CVT, èyí tí kò ní ìpele. Mo máa ń fo ìyẹn kọjá.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ wò ó

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, ẹ padà lọ́jọ́ míì, torí ẹ́ńjìnnì tó tutù ló ń sọ òótọ́. Ẹ ka VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tó jẹ́ nọ́ńbà àti lẹ́tà mẹ́tàdínlógún: èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà. 7 ni 2007, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, bẹ́ẹ̀ lọ. VIN yìí kan náà lẹ máa tẹ̀ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú ọ̀nà, láti mọ̀ bóyá ìpè-padà kan wà tí wọn ò tíì ṣe.

Kí mẹkáníìkì yín, kì í ṣe tẹni tó ń tà á, so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọn. Kó má kàn wò ó bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Kó wò ó bóyá àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Bí èyí tó pọ̀ jù kò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pa àwọn àṣìṣe rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tàbí kó ti yọ bátìrì. Ẹ wá wà á dé ibi tí gíà á ti gbóná, ẹ gun òkè, ẹ dúró, ẹ fi sí R. Gíà tó pẹ́ kó tó wọlé tàbí tó ń yọ̀ lẹ́yìn tó gbóná kò ní sàn lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká wá fi méjì wéra ní iye owó kan náà. Sienna 2008 kan ti rin 250,000 kìlómítà, ẹnì kan ṣoṣo ló lò ó, ìwé àtúnṣe rẹ̀ pé. Odyssey 2012 kan ti rin 140,000, ó mọ́ tónítóní, kò ní ìwé kankan. Ọ̀pọ̀ á sáré mú Odyssey. Èmi á mú Sienna. Bẹ́líìtì Odyssey yẹn ti kọjá ọdún méje rẹ̀ láìka kìlómítà sí, VCM wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì mọ irú ọ́ìlì tó wà nínú gíà rẹ̀. Bí ẹni tó ni ín bá yọ owó bẹ́líìtì, pọ́ǹpù omi, pọ́lọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì gíà kúrò, tí mẹkáníìkì sì rí i pé kò jẹ ọ́ìlì, a tún lè jókòó sọ̀rọ̀. Bó bá sì jẹ́ Odyssey 2015 tó ní ìwé ni, mi ò ní wo Sienna yẹn lẹ́ẹ̀kejì.