trash-cli, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé fólídà sí ààtàn dípò kó pa á rẹ́ ráúráú: mo fún un ní 4 nínú 5

Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ni mò ń ṣe ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, Ubuntu ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi. Tí oṣù kẹjọ bá ti dé báyìí, tí ọdún Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀, àwòrán Ìwọ́pópó, ti àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, ti Arugbá, gbogbo rẹ̀ á kún dísìkì fọ́fọ́. Kò sọ́gbọ́n, a ní láti máa pa fólídà rẹ́, èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Àṣẹ tá à ń tẹ̀ láti fi pa nǹkan rẹ́ ni rm; rm -rf kì í bi èèyàn léèrè ohunkóhun. Ohun tó bá ti pa, ó lọ nìyẹn. rm -I sàn díẹ̀, ó máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá á ti tẹ y kó tó ka ìbéèrè. rmdir ní tiẹ̀, fólídà tó ṣófo nìkan ló mọ̀.

Ti trash-cli yàtọ̀. Ọ̀fẹ́ ni: sudo apt install trash-cli, ó parí. Trash-put ló ń gbé fólídà lódindi sínú ~/.local/share/Trash, ìyẹn ààtàn kọ̀ǹpútà, á sì kọ ibi tó ti gbé e àti àsìkò tó gbé e sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan fẹ́ pa fólídà "Arugba Owuro" rẹ́, kò fi àmì àyọlò há orúkọ náà. Kọ̀ǹpútà kà á sí nǹkan méjì: ó gbé fólídà "Arugba" tí ẹnikẹ́ni ò rán an sí, ó ní òun ò rí "Owuro". Ká ní rm -rf ni, ẹkún là bá sun. Mo tẹ trash-restore, ó to orúkọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, mo mú ti Arugba, ó padà sáàyè rẹ̀ tòun ti gbogbo àwòrán inú rẹ̀. Inú fólídà tí nǹkan náà ti kúrò ni kẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè ní kò sí nǹkan kan.

Ibi tó ti ń bí mi nínú ni flash oníbàárà. Inú flash náà gan-an ló ń kó ẹrù pamọ́ sí, nínú .Trash-1000 tí ẹ ò ní tètè rí. Ẹ ti pa gbogbo nǹkan rẹ́, flash ṣì ń sọ pé òun kún! Àfi kẹ́ ẹ tẹ trash-empty, tó ń pa ohun inú ààtàn rẹ́ pátápátá. Máàkì kan tí mo yọ nìyẹn.

Lórí kọ̀ǹpútà tiwa, trash-empty 30 ni mo máa ń lò, èyí tó bá ti lé ní 30 ọjọ́ nìkan ló ń lọ. Oníbàárà tí kò bá tíì wá gba àwòrán rẹ̀ nígbà yẹn, kó má wulẹ̀ pè mí.

Àwọn kan ní kéèyàn kúkú sọ rm di trash-put, pé téèyàn bá tẹ rm, trash-put ni kó máa ṣiṣẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá dédìí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, rm gidi ló máa bá níbẹ̀.