Áàpù ìṣirò tó gbé fókọ́ọ̀sì lọ síta ẹyin

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ṣe Further Mathematics ní SS3, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Káfíńtà ni mí n'Ìbàdàn. N ò dé yunifásítì, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya ẹyin.

₦18,000 ni mo san fún áàpù ìṣirò kan, ti oṣù mẹ́ta. N ò ní dárúkọ wọn, torí ẹjọ́ wa ò tíì parí. Fídíò wọn dáa, kì í jẹ dátà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kì í sáré. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọmọ mi obìnrin ti mọ circle dénú. Kọ x² + y² − 6x + 4y − 12 = 0 síwájú ẹ̀, kó o tó wá pẹ́ńsùlù á ti ní àárín ẹ̀ wà ní (3, −2), rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ jẹ́ 5.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wàhálà dé. Ìbéèrè 14, lórí ẹ́lípùsì, ìyẹn àwòrán tó rí bí ẹyin: x²/9 + y²/25 = 1, wá fókọ́ọ̀sì méjèèjì. Ọmọ kọ (0, 4) àti (0, −4). Áàpù tan iná pupa, ó ní (4, 0) àti (−4, 0) ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni iná pupa. Nígbà tí mo máa fi wọlé, ojú ẹ̀ ti wú. Ó ní bóyá òun ò lè ṣe injiníà mọ́.

Mo ní kó yà á fún mi. Ẹyin tó nàró ni: láti àárín, ó fi 5 lọ sókè, ó fi 3 péré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bi í pé kí ló ń jẹ́ fókọ́ọ̀sì. Ó ní, "Dádì, ibi méjì tí wọ́n máa ń kan ìṣó sí ni, tí wọ́n á fi okùn yà á."

Háà! Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún 1998 nìyẹn! Tábìlì onírìísí ẹyin tí ẹ ń rí ní pálọ̀ àwọn olówó, ìṣó méjì, okùn kan, pẹ́ńsùlù kan ni. Ìṣó kì í sì í bọ́ síta tábìlì láéláé. Áàpù ní 4 lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ 3 ni ẹyin ọ̀hún ti parí!

Aago mẹ́wàá alẹ́, mo gbé pákó Bódìjà kalẹ̀. Mo fi sẹ̀ǹtímítà 10 dúró fún 1, mo kan ìṣó méjì, 80 sẹ̀ǹtímítà láàárín wọn, mo ta okùn 100 sẹ̀ǹtímítà mọ́ wọn, mo yí pẹ́ńsùlù po. Ẹyin náà jáde kedere: 100 ní gígùn, 60 ní fífẹ̀. Ìyàwó mi ń ké pé mi ò jẹ́ kí àdúgbò sùn. Mo ya gbogbo ẹ̀ ní fídíò, mo fi ránṣẹ́ sí customer care wọn lórí WhatsApp.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá láàárọ̀: "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ pa áàpù yín kí ẹ tún un ṣí." Mo pa á, mo ṣí i. Fókọ́ọ̀sì ṣì wà níta. "Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, kí ẹ tún un gbé sí i." Dátà mi lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta: "Sà, àwọn ọ̀mọ̀wé ló ṣe áàpù wa. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ka ìṣirò ni?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo mu omi. Mo wá kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, wo fídíò yẹn." Ó rí i, kò fèsì. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Ó ní owó tó bá ti wọlé kì í jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, nọ́ńbà tí n ò mọ̀ pè mí. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni tísà tó kọ orí ẹ́lípùsì. Mo ti wo fídíò ìṣó yín. Ẹ̀yin lẹ jàre." Ó ní áàpù kò bèèrè èwo ló tóbi nínú 9 àti 25 kó tó ṣírò. 25 yọ 9 ku 16, rúùtù ẹ̀ jẹ́ 4, 4 yẹn tọ̀nà. Ibi tó gbé e sí ló ti jìn sí kòtò. Ló bá ní kí n fún ọmọ ní fóònù. Ìṣẹ́jú 47, owó ìpè tiẹ̀ ló ń jó! Ó sọ fún un pé ọdún 1609 ni Kepler, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ti kọ ọ́ pé ojú ọ̀nà ẹ́lípùsì ni àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀, tí oòrùn sì wà ní fókọ́ọ̀sì kan. "Tó bá jẹ́ ti áàpù wa ni, oòrùn á ti wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì." Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn.

Wọ́n ti tún 14 ṣe. Ìbéèrè 19 wà bẹ́ẹ̀: x²/16 + y²/25 = 1, wọ́n ní (3, 0) àti (−3, 0), dípò (0, 3) àti (0, −3). Èyí tiẹ̀ burú jù, torí inú ẹyin ló wà, ojú ò lè tètè rí i. Mo ti fi ránṣẹ́ sí customer care. Wọ́n ní kí n pa áàpù kí n tún un ṣí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo ti san ti oṣù mẹ́ta míì.