Oògùn abọ́dà àti mẹ́ṣíìnì sáńpépà tí mo lò sí dẹ́kì ẹ̀yìnkùlé wa

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà n'Ílùú Ọba tẹ́ẹ ní dẹ́kì onípákó, ìyẹn pèpéle tí wọ́n fi pákó tẹ́, lẹ́yìnkùlé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí kẹ́ẹ tó náwó. Tiwa ní Manchester níbí, òjò àti oòrùn ti fojú ẹ̀ rí màbo, ibi tí ọ̀dà ti bó ti funfun bí eérú, ibi tí oòrùn kì í dé ń yọ̀ bí ilá, màmá mi wá kí wa, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo ní ó tó.

Mẹ́ṣíìnì sáńpépà ni mo kọ́kọ́ lọ háyà. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà ní kí n ṣáà máa fi lọ̀ ọ́, gbogbo ọ̀dà àtijọ́ máa lọ. Irọ́ ni o! Ọ̀dà yẹn gbóná, ó yọ́, ó lẹ̀ mọ́ sáńpépà, kò pẹ́ tí bébà fi ń dán tí ò lè ha nǹkan kan mọ́, orí ìṣó tó yọ síta sì ń fà á ya, bébà mẹ́sàn-án ni mo sọ nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ owó bébà yàtọ̀ sówó háyà.

Oògùn abọ́dà, ìyẹn oògùn tó ń bó ọ̀dà kúrò lára pákó, ló gbà mí. Ó ki bí ògì, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, ẹ fi sílẹ̀ bí ààbọ̀ wákàtí, ẹ má jẹ́ kó gbẹ mọ́ ọn lára, kẹ́ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́ kẹ́ẹ ṣan án. Ọ̀dà bó wálẹ̀ bí awọ! Àmọ́ sódà ọlọ́ṣẹ (caustic soda) ló wà nínú ẹ̀ o, ó kán sí mi lọ́rùn ọwọ́, ó ta mí gan-an, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kẹ́ẹ bo ojú. Sódà yẹn náà ló ń jẹ́ kí pákó dúdú lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀rù bà mí, àfìgbà tí mo fi oxalic acid, ásíìdì tó ń mú pákó mọ́, fọ̀ ọ́ ló tó mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n kọ ọ́ sára ike pé ọ̀kan máa tó dẹ́kì bíi tiwa, méjì ni mo lò tán.

Mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo gbá gbogbo ìṣó wọlé, mo wá fi sáńpépà nọ́ńbà 60 tó rí ṣákaṣàka lọ̀ ọ́, mo fi 80 tó kúnná díẹ̀ sí i tẹ̀ lé e, mo dúró síbẹ̀. Tí pákó bá ti dán jù, kì í mu epo tí wọ́n fi ń kun dẹ́kì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo imú. Tí dẹ́kì yín bá sì ti wà ṣáájú 2004, májèlé tó ń jẹ́ arsenic lè wà nínú oògùn tí wọ́n fi tọ́jú igi ẹ̀, ẹ má fi sáńpépà kàn án rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn mo wọ́n omi díẹ̀ sí i láti wò ó bóyá ó máa mu epo, ó mu ún kíá, mo bá kun epo. Ẹ na àkísà epo síta kó gbẹ, ẹ má ká a jọ, ó lè gbiná fúnra ẹ̀.

Oògùn náà, mo fún un ní ìràwọ̀ 4 nínú 5, mo máa tún un rà. Ṣọ́ọ̀bù háyà, 2: mẹ́ṣíìnì wọn dáa, ìmọ̀ràn wọn ló ná mi lówó.