Ìńṣọ́ránsì Ilé àbí Ìwé ATV: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Sanwó Fún ní Amẹ́ríkà?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ATV (ọkọ̀ kékeré onítáyà mẹ́rin tí wọ́n ń gùn nínú igbó) tàbí side-by-side (irú rẹ̀ tí èèyàn ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú rẹ̀) sábà máa ń gbà pé ìńṣọ́ránsì ilé òun ti bò ó. Ẹni tó tà á fún un náà lè sọ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ibi tí kì í ti ṣe òótọ́ ló ń kó èèyàn sí gbèsè.

Bí ẹlòmíì bá fara pa

HO-3 ni ìwé ìńṣọ́ránsì ilé tó wọ́pọ̀ jù. Ó máa ń dáhùn fún ìpalára tí ATV yín bá ṣe, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tí ìwé náà mọ̀ nìkan: ọgbà ilé yín, tàbí ilẹ̀ òfìfo tí ẹ ni tí kì í ṣe oko. Tí táyà bá ti ré ààlà kọjá sórí ilẹ̀ aládùúgbò, tàbí tí ẹ bá ti gbé e dé páàkì, ààbò ti tán nìyẹn. Ó yani lẹ́nu pé ATV tí ẹ yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ní ààbò ju tiyín lọ lábẹ́ ìwé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ kò kan èyí tí kì í ṣe tiyín.

Ìwé ATV, ìyẹn ìńṣọ́ránsì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ náà nìkan, ní tirẹ̀ máa ń bá ọkọ̀ lọ sínú igbó. Ní New York, tí ATV bá ti kúrò lórí ilẹ̀ ẹni tó ni ín, òfin ní kó ní ìńṣọ́ránsì: ó kéré tán, $25,000 fún ẹnì kan tó fara pa àti $50,000 fún gbogbo àwọn tó fara pa nínú ìjàǹbá kan, $50,000 àti $100,000 tí ẹ̀mí bá lọ sí i, àti $10,000 fún ohun ìní tó bà jẹ́. Pennsylvania náà fi dandan lé e fún ẹni tó bá gun ATV kúrò lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ìwọ̀n tí òfin sọ yìí kéré. Iṣẹ́ abẹ egungun itan ẹnì kan ṣoṣo lè gbé $25,000 mì, torí náà ẹ béèrè iye tí ẹ máa san fún ààbò $100,000 fún ẹnì kan àti $300,000 fún gbogbo wọn kí ẹ tó mú èyí tó kéré jù.

Olè

HO-3 kò ka ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹrù ilé. Èyí tí kò nílò nọ́ḿbà ìjọba, tí ẹ sì ń fi ṣe iṣẹ́ ilé nìkan, bíi kíkó yìnyín tàbí gígé koríko, ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà “nìkan” ni kí ẹ tẹ ojú mọ́. Tí ẹ bá ti fi ṣeré lọ́jọ́ kan péré, ilé-iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì ní ẹnu láti fi sọ pé kì í ṣe ti iṣẹ́ ilé mọ́, fọ́tò tí ẹ gbé sórí Facebook sì tó ẹ̀rí fún wọn. Nínú ìwé ATV, abala comprehensive ló ń bo olè, iná àti igi tó wó lù ú, nígbà tí collision ń bo dídojúdé àti kíkọlu nǹkan.

Èló gan-an ni wọ́n máa san?

Àwọn tó ń ra ìwé ATV kì í ka abala yìí dáadáa, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni owó ń gbà lọ. Orúkọ mẹ́ta ló wà, méjì nínú wọn sì jọra. Actual cash value ni iye tí ọjà máa ra ọkọ̀ náà lónìí, kì í ṣe iye tí ẹ rà á. Agreed value ni iye tí ẹ̀yin àti ilé-iṣẹ́ jọ fẹnu kò sí níbẹ̀rẹ̀. Òun ni wọ́n máa san tí ọkọ̀ bá lọ pátápátá. Stated amount ni ìdẹkùn. Ẹ̀yin lẹ sọ iye náà, owó tí ẹ ń san sì ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n tí olè bá gbé ọkọ̀ lọ, wọ́n á fi iye náà wé iye ọjà, èyí tó bá kéré ni wọ́n máa san.

Ẹ wò ó báyìí. Ìwé actual cash value lẹ ní. Ẹ ra side-by-side ní $18,000, ẹ fi winch (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ tó bá há), òrùlé, gíláàsì iwájú àti táyà ńlá tó tó $4,200 kún un. Ọdún méjì kọjá, wọ́n jí i. Ọjà ní ọkọ̀ náà tó $12,500, àwọn àfikún náà sì tó $2,600. Ẹ yọ $500 ti deductible (owó tí ẹ̀yin fúnra yín máa gbé) kúrò, ó ku $14,600. Tí gbèsè báńkì bá ṣì jẹ́ $15,200, ẹ ṣì jẹ $600 lórí ọkọ̀ tí kò sí mọ́. Ká ní agreed value $20,000 lẹ ṣe, tó kó àfikún mọ́ra, $19,500 ni ì bá wọlé.

Ẹ tún yẹ òpin owó tí wọ́n máa san fún àfikún wò. Tó bá jẹ́ $1,000 ni wọ́n kọ síbẹ̀, winch àti táyà nìkan á ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ sì ya fọ́tò àfikún kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é mọ́ ọkọ̀, pẹ̀lú VIN (nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọkọ̀) tó wà lára férémù.

Ìyókù

Ẹni tí ẹ gbé: àwọn ìwé ATV kan kò bò ó àfi tí ẹ bá ra guest passenger liability kún un.

Ìdíje àti fífi háyà: ẹ má retí kọ́bọ̀ lọ́dọ̀ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Àwọn ọmọ: gbogbo ẹni tó ń wà á nínú ilé ni kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àjọ CPSC, tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, kò fẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 wa ATV àgbàlagbà rárá.

Umbrella (ìńṣọ́ránsì tó ń san ohun tó bá ju òpin ìwé ìsàlẹ̀ lọ): ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé ATV nísàlẹ̀ rẹ̀ tó dé ìwọ̀n tí wọ́n béèrè.

Èwo wá ni?

Ìńṣọ́ránsì ilé tó fún ẹni tí ATV rẹ̀ ti gbó, tí kò jẹ báńkì lówó, tí kì í gbé e jáde lórí ilẹ̀ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, ó sì lè fi owó rẹ̀ pamọ́. Tí ẹ bá ń dì í sẹ́yìn mọ́tò lọ sí páàkì lópin ọ̀sẹ̀, ìwé ATV tó ní agreed value ni. Báńkì tó yá yín lówó á sì ti béèrè comprehensive àti collision kí ó tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ájẹ́ǹtì ní ìbéèrè mẹ́rin: irú iye wo ló wà nínú ìwé yìí nínú mẹ́ta yẹn? Èló ni òpin owó àfikún? Ṣé ẹni tí mo gbé wà nínú rẹ̀? Ṣé trailer tí mo fi ń gbé e náà wà níbẹ̀? Ẹ ní kí ó fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Tó bá jẹ́ orí fóònù nìkan ló fẹ́ ti dáhùn, ẹ lọ bá ájẹ́ǹtì míì.